Ìwà Mẹ́rin, Ẹsẹ̀ Kan

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Fẹ̀sọ̀ fi wa ọkọ̀ fún àwọn ènìyàn, kò sì fi ọkọ̀ họ ara ògiri rí. Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, n kì í gba awakọ̀ gbọ́ nígbà tó bá ń yin ara rẹ̀, nítorí kò sí awakọ̀ tí kò mọ ọkọ̀ wà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àwọn tí ọkùnrin yìí gbé ló sọ ọ́ ní Fẹ̀sọ̀, kì í ṣe òun. Bó bá gbéra, ẹni tó ń sùn kò ní jí. Bó bá dúró, omi inú ife kò ní dà. Wọ́n á ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," òun á kàn máa tún kọ́là rẹ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, inú rẹ̀ á sì máa dùn ṣìnkìn lábẹ́ aṣọ.

Torí náà, nígbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ náà wú, kò sì rọ. Ó fi ń rìn, ó fi ń gun àtẹ̀gùn. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló ń wẹ̀, tó da omi gbígbóná sí ẹsẹ̀ méjèèjì. Ti òsì fò sókè, ti ọ̀tún dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń bú tí kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ó tún da omi sí i. Ara ẹsẹ̀ náà ti ń pọ́n, ṣùgbọ́n kò dùn ún. Ẹ̀rù bà á débi pé ó jókòó sílẹ̀ nínú balùwẹ̀ títí ìyàwó rẹ̀ fi wá kanlẹ̀kùn.

Ó wá ilé ìwòsàn kan tó jìnnà sí àdúgbò rẹ̀ dáadáa, níbi tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ mú okùn kan tó tín-ín-rín bí okùn ìwọ̀ ẹja, ó ní, "Ẹ dijú yín, bàbá. Tó bá ti kàn yín, kẹ́ ẹ sọ pé ó kàn mí." Ìgbà mẹ́wàá ni nọ́ọ̀sì fi okùn kan àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún. Ìgbà mẹ́ta péré ni Fẹ̀sọ̀ sọ pé ó kan òun, ọ̀kan nínú mẹ́ta náà sì rèé, nọ́ọ̀sì kò tíì fọwọ́ kàn án rárá. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àtọ̀gbẹ ló ti ń jẹ iṣan ẹsẹ̀ náà láti ọjọ́ pípẹ́. Ó gbé bírò rẹ̀.

"Irú iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Mò ń tọ́jú òdòdó ni," ni Fẹ̀sọ̀ wí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ká ní awakọ̀ ni yín ni, ǹ bá ní kẹ́ ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀ lónìí kẹ́ ẹ tó jáde."

Fẹ̀sọ̀ dúpẹ́, ó gba oògùn, ó jáde. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà nínú àpò rẹ̀, ó ń gún un nítan. Itan yẹn ṣì mọ ìrora dáadáa.

Ilé Lọ́yà ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún níbẹ̀. Lọ́yà fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ọkọ̀, nítorí ọ́fíìsì rẹ̀ kò jìnnà sílé. Ìyá Lọ́yà, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, ló ni ìrìnàjò. Ní ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì, láago mẹ́jọ àárọ̀, Fẹ̀sọ̀ á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú orúnkún rẹ̀, á sì gbé e padà wálé. Màmá ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ogójì nínú rẹ̀ ló fi ránṣọ lórí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì mú bí abẹ́rẹ́ tó fi jẹun. Lọ́yà ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ogún ọdún, tí wọ́n ń pè ní Kíá nítorí pé kò sí ohun tí kì í fi ìkánjú ṣe. Sójà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Sójà ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, ológun tó ti fẹ̀yìn tì. Òun àti Fẹ̀sọ̀ jọ wọ ilé náà lọ́dún kan náà ni, kò sì sí àárọ̀ tí wọn kì í bú ara wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n á rò pé ọ̀tá ni wọ́n.

Oṣù méjì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ni Lọ́yà ra ọkọ̀ tuntun. Ọkùnrin tó tà á fún un ló wà á wá, ó sì kó gbogbo ilé jọ sídìí rẹ̀ bí olùkọ́ ṣe ń kó ọmọ jọ. Bọ́tìnnì róbótó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà. Ó fọwọ́ lé e.

"Ìwà mẹ́rin ni ọkọ̀ yìí ní," ni ó wí. "Tẹ́ ẹ bá yí i sápá òsì, ewé tútù á yọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìwà pẹ̀lẹ́ nìyẹn. Ẹ tẹná mọ́ ọn, á kọ́kọ́ rò ó wò kó tó dáhùn, epo kì í sì í tètè tán. Tẹ́ ẹ bá dá a padà sáàárín, Nọ́mà nìyẹn, ìwà ojoojúmọ́. Ẹ yí i sápá ọ̀tún, ojú dáṣíbọ́ọ̀dù á pọ́n. Spọ́ọ̀tì nìyẹn. Ẹ kàn fẹsẹ̀ bà á ni, ó ti lọ. Ìwà kẹrin wà fún ẹrẹ̀ àti òjò, kí táyà má baà yọ̀."

"Ìyàwó mẹ́rin ni wọ́n dì sínú ọkọ̀ kan," ni Sójà wí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àyàfi Fẹ̀sọ̀ tó ń wo ibi tí ẹsẹ̀ ń gbé.

"Ẹ́ńjìnnì kan náà ni o," ni ọkùnrin náà tún wí. "Òun kò yí padà. Bó ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yín ló ń yí padà. Ẹsẹ̀ kan, ìdáhùn mẹ́rin. Kò sí èyí tó dáa ju èkejì lọ, ibi tẹ́ ẹ bá wà lẹ máa wò kẹ́ ẹ tó mú. Ohun kan kù: kọ́kọ́rọ́ méjì ló ní, kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì máa ń rántí ìwà tí ẹni tó lò ó kẹ́yìn fi sílẹ̀."

Fẹ̀sọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ kan. Wọ́n fi èkejì kọ́ sí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

Lọ́jọ́ kejì, ó wa ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀nà ẹ̀yìn àwọn ilé ìkẹ́rù, níbi tí kò sí èrò, láti mọ ìwà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó kọ́kọ́ lo Nọ́mà, kò burú. Ó wá yí i sí Spọ́ọ̀tì. Ojú dáṣíbọ́ọ̀dù pọ́n, ó rọra fẹsẹ̀ ba pẹ́dà bí ó ti máa ń ṣe láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ni ọkọ̀ náà bá hu, ó fò, ó sì gbá orí rẹ̀ mọ́ àga. Ó tẹ bíréèkì gbàgà. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì wolẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹsẹ̀ tó rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan pẹ́dà ti rì dé ìdajì.

Òógùn bò ó. Ó mọ̀ pé ọkọ̀ kò purọ́, ẹsẹ̀ ló ń purọ́, bóyá ó sì ti ń purọ́ tipẹ́ nínú ọkọ̀ àtijọ́ tó ti gbó, tí etí rẹ̀ ti di. Ó wá yí bọ́tìnnì sápá òsì. Ewé tútù yọ. Ó tún tẹ pẹ́dà, ẹsẹ̀ náà tún rì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà rò ó wò, ó rò ó wò, ó sì gbéra wẹ́rẹ́. Àṣìṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ kò hàn rárá. Ó fẹ́ràn ewé náà bí ìgbà tí ènìyàn pàdé ìbátan rẹ̀ ní ìlú tí kò ti lẹ́ni. Nígbà tó délé, ó wá òwú aláwọ̀ ewé, ó so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Kò tún yí bọ́tìnnì yẹn mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe rí. Ohun tó fi ń bo àrùn mọ́lẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi yìn ín! Lọ́yà ń sọ fún àwọn àlejò pé epo tí awakọ̀ òun ń rà ti dín kù, pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ béèyàn ṣe ń wa ọkọ̀ ìgbàlódé kó wá wo Bàbá Fẹ̀sọ̀. Àwọn awakọ̀ ilé tó wà ládùúgbò ń wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà á na ìka sókè, á ní, "Ìwà pẹ̀lẹ́ ni, ẹ̀yin ará. Kò sí ibi tí ìwà pẹ̀lẹ́ ò lè gbé èèyàn dé." Ọkùnrin yìí! Ó fi àìsàn rẹ̀ ṣe ìwàásù. N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi òtítọ́ kún un: ẹ̀rù ló ń bà á. Iṣẹ́ yẹn nìkan ló mọ̀. Bí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Fẹ̀sọ̀, orúkọ náà gan-an ni wọ́n gbà.

Ó ju bàtà aláwọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ra bàtà kánfáàsì tí abẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí bébà, ó rò pé bóyá pẹ́dà á bá ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀ tí nǹkan kò bá dí wọn láàárín. Pẹ́dà kò sọ nǹkan kan. Ó wá kọ́ àṣà mìíràn. Kí ó tó gbéra, á kọ́kọ́ tẹrí ba, á wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kó lè mọ ibi tó wà. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni, á sì gbójú sókè. Ó dá a lójú pé kò sí ẹni tó rí i.

Ọjọ́ Ẹtì kan, Kíá bá wọn lọ. Òkè gíga kan wà kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, ọkọ̀ akẹ́rù tó ru òkúta sì ń fà níwájú wọn bí ìgbín, èéfín rẹ̀ ń wọ inú ọkọ̀. Fẹ̀sọ̀ yà sí òsì láti ré e kọjá. Ewé tútù ń bẹ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó tẹná, ọkọ̀ ń rò ó wò. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ ṣì ń rò ó wò. Wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ akẹ́rù náà tán, wọn kò lè kọjá, wọn kò sì tíì ṣẹ́yìn, ni bọ́ọ̀sì kan bá yọ lórí òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá bá wọn.

"Bàbá Fẹ̀sọ̀!" ni Kíá kígbe. "Òkè nìyí! Kí lẹ fi ewé gun òkè fún? Ẹ yí i, ẹ yí i sí Nọ́mà!"

Ó na ọwọ́ sí bọ́tìnnì náà. Fẹ̀sọ̀ gbá a lọ́wọ́. Ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ fà sẹ́yìn, ó fún ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn akẹ́rù bí bọ́ọ̀sì náà ti kọjá pẹ̀lú fèrè gígùn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ń ṣẹ́ èpè, ẹnu rẹ̀ ń lọ láti ojú gíláàsì.

Fẹ̀sọ̀ kò gbá ọmọ náà lọ́wọ́ rí láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún kan.

"Má fọwọ́ kàn án," ni Fẹ̀sọ̀ wí. "Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sà," ni Kíá wí. Ó yíjú sí fèrèsé, ó ń fi ọwọ́ kan ra èkejì.

Nígbà tí wọ́n dé, Kíá lọ wá kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti àwọn aláìsàn. Ó ku Màmá àti Fẹ̀sọ̀ nínú ọkọ̀.

"Fẹ̀sọ̀."

"Màmá."

"Ẹsẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í pe ojú síbẹ̀. Nígbà tí mò ń ránṣọ, ojú mi ń bẹ lórí aṣọ, ẹsẹ̀ mi ń bẹ nísàlẹ̀, kálukú ń ṣe tiẹ̀. Ọjọ́ tí mo rí i pé mo ń wo ẹsẹ̀ mi kí n tó tẹ máṣíìnì ni mo mọ̀ pé ó ti parí. Ṣé mo sọ fún ẹnì kan? Mi ò sọ. Oṣù mẹ́ta ni mo fi bò ó. Ní oṣù kẹta, àbúrò mi obìnrin ń bá mi di aṣọ mú. Mo ní kí n dúró, ẹsẹ̀ mi kò dúró. Abẹ́rẹ́ gba àárín ìka rẹ̀ kọjá. Ìka yẹn kò ká mọ́ títí wọ́n fi sin ín."

Fẹ̀sọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tún kọ́là rẹ̀ ṣe.

"Mò ń jókòó lẹ́yìn rẹ, mò ń rí ọrùn rẹ bó ṣe ń tẹ̀. O ti ń wo ẹsẹ̀ rẹ, ọmọ mi."

"Bàtà ni, Màmá. Bàtà tuntun ni, ó ń yọ̀ mí lẹ́sẹ̀."

"Ó ń yọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀." Màmá gbá ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Sọ fún ọ̀gá rẹ fúnra rẹ. Mo fún ẹ dọjọ́ Ajé. Tó bá di ọjọ́ Ajé tí o kò tíì sọ ọ́, èmi á sọ ọ́, kò sì ní dùn létí bó ṣe máa dùn lẹ́nu tìrẹ."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Fẹ̀sọ̀ lọ bá Lọ́yà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ́yà gbójú sókè nínú ìwé, ó ní, "Bàbá Fẹ̀sọ̀, ṣé kò sí?" Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun. Ló bá ní táyà ẹ̀yìn nílò afẹ́fẹ́. Ó padà sílé, ó jókòó sórí ibùsùn, ó ń fi orí píìnì gún àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń retí. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló ń wá. Ó ní ẹ̀gún ni.

Ọjọ́ Àìkú kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Kíá mú kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó gba àṣẹ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó wa ọkọ̀ náà lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà wà á dáadáa, ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn. Ní ọ̀nà tó tẹ́jú, tó ṣófo, ó yí i sí Spọ́ọ̀tì, ó gbádùn ara rẹ̀, ó gbé ọkọ̀ padà wá láìsí àléébù, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ padà síbi tó wà.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, oòrùn sì yọ wọ̀ọ̀. Fẹ̀sọ̀ tẹ kọ́kọ́rọ́ olówùú rẹ̀, ilẹ̀kùn ọkọ̀ kò ṣí. Ó tún tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú.

"Kọ́kọ́rọ́ náà ti mọ̀ pé o ti darúgbó," ni Sójà wí. Ó sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó mú èkejì wá, ó jù ú sí i. "Gbà. Ṣọ́ra, kò ní òwú, má lọ ṣìnà."

Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, Fẹ̀sọ̀ ì bá rántí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé ni, ọkàn rẹ̀ kò sì sí lára kọ́kọ́rọ́. Ó ran Màmá lọ́wọ́ wọ ọkọ̀, Màmá jókòó sẹ́yìn, ó fi ọ̀pá rẹ̀ sáàárín orúnkún.

"O ti sọ fún un?"

"Tí a bá dé, Màmá. Mo búra. Tí a bá ti dé."

"Tí a bá dé," ni Màmá wí, ó sì fa bẹ́líìtì rẹ̀, ó dè é.

Ojú géètì gòkè díẹ̀, ó sì ní ẹnu kọnkéré kan tí táyà gbọ́dọ̀ gùn kó tó bọ́ síta. Pẹ̀lú ewé, àfi kéèyàn tẹná jinlẹ̀, kó wá dúró de ọkọ̀. Fẹ̀sọ̀ ti mọ bó ṣe jinlẹ̀ tó, ó ti kọ́ ọ pẹ̀lú ojú. Sójà ṣí apá kan géètì, ó wà níwájú ọkọ̀, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó ń fa apá kejì. Fẹ̀sọ̀ ta ẹ́ńjìnnì. Ojú dáṣíbọ́ọ̀dù pọ́n fòò. Kò rí i. Ó ti tẹrí ba, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó tẹ̀ ẹ́ síbi tó máa ń tẹ̀ ẹ́ sí.

Ọkọ̀ kò rò nǹkan kan wò. Ó hu, ó fò. Fẹ̀sọ̀ gbójú sókè, ẹ̀yìn Sójà ló kún gbogbo gíláàsì. Ó ní kí ẹsẹ̀ òun kúrò lórí pẹ́dà, ó dá a lójú pé ó ti kúrò, kò sì kúrò. Màmá pe orúkọ rẹ̀. Sójà gbọ́ ariwo, ó wo ẹ̀yìn, ara ológun àtijọ́ sì ju ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ọkọ̀ gbá apá géètì, ó gbé e kúrò lójú rẹ̀, ó lọ kọlu òpó. Fìtílà gíláàsì ńlá tó wà lórí òpó já bọ́, ó sì fọ́ yángá-yángá sílẹ̀.

Fẹ̀sọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ó yíjú sẹ́yìn.

"Mo wà láàyè," ni Màmá wí. "Lọ wo ọ̀rẹ́ rẹ."

Ó sáré jáde, ó gba orí gíláàsì kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ Sójà. Sójà dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti bó, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. "Kí ni mo ṣe fún ẹ?" ni ó ń bi í. "Fẹ̀sọ̀, kí ni mo ṣe fún ẹ?" Nǹkan yẹn wọ Fẹ̀sọ̀ lára ju gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ.

Lọ́yà jáde pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, Kíá tẹ̀lé e láìwọ bàtà. Kò pẹ́ tí Lọ́yà fi rí àmì pupa lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó wò ó, kò sí òwú lára rẹ̀.

"Ta ló lo kọ́kọ́rọ́ yìí lánàá?"

Kíá fọwọ́ bo ẹnu. Orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀. "Èmi ni, Dádì. Mo gbàgbé, mi ò dá a padà. Mi ò mọ̀ pé Bàbá Fẹ̀sọ̀ máa lò ó."

"O fẹ́ pa èèyàn! Ìyá mi wà nínú ọkọ̀! Ọkùnrin yìí ti ń wa ọkọ̀ kí n tó fẹ́ ìyá rẹ, kò họ ọ́ rí, ìwọ fi eré ìdárayá ọjọ́ kan ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́!"

Kíá ń sunkún, ó ń bẹ Sójà, ó ń bẹ Fẹ̀sọ̀. Gbogbo wọn wá wo Fẹ̀sọ̀, wọ́n ń dúró de ohun tó máa sọ. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí fún un láti sọ òtítọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí ó sọ.

"Mo kúkú ti sọ fún un," ni ó wí. "Mo ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án."

Kíá bú sẹ́kún gidi nígbà náà. Fẹ̀sọ̀ kò lè wò ó. Ó ní òun ń lọ bu omi fún Sójà, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ onítáìlì funfun kọjá lọ sí ilé ìdáná, ó bu omi, ó gbé e padà. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n, omi kò dà. Sójà mu ún. Lọ́yà ti pe mẹkáníìkì lórí fóònù, ó ní kó wá ti ọkọ̀ náà pa mọ́ ewé, kí bọ́tìnnì náà má yí mọ́ láéláé. Ó ní láti òní lọ, Kíá kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ náà mọ́, Bàbá Fẹ̀sọ̀ nìkan ni yóò máa wà á. Ó wá sún mọ́ Fẹ̀sọ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ náà lé e lọ́wọ́, ó sì fọwọ́ pa á léjìká.

"Ẹ má jẹ́ kó bà yín lọ́kàn jẹ́. Kì í ṣe ẹ̀bi yín."

Fẹ̀sọ̀ di kọ́kọ́rọ́ náà mú.

Màmá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó fara ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń wò.

"Ẹ̀jẹ̀ ta nìyí?" ni ó béèrè.

Wọ́n sáré wo Sójà. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti gbẹ. Wọ́n wo Kíá tí kò wọ bàtà, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò rìn dé ibi gíláàsì. Nígbà náà ni wọ́n wá rí i. Ipa ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó pupa lórí táìlì funfun. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó lọ sí ilé ìdáná, ó padà wá, ó ń pọ̀ sí i bó ṣe ń bọ̀. Wọ́n fi ojú tọ̀ ọ́ lẹ́yìn títí ó fi dé abẹ́ Fẹ̀sọ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

Fẹ̀sọ̀ tẹrí ba, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kánfáàsì náà ti pọ́n dé ọrùn ẹsẹ̀. Nígbà tó gbé ẹsẹ̀ sókè, gíláàsì tó gùn tó oríkèé ìka méjì ti gba abẹ́ bàtà wọlé, ìdí rẹ̀ nìkan ló kù níta.

"Yéè! Bàbá Fẹ̀sọ̀!" ni Lọ́yà kígbe. "Ẹ jókòó, ẹ jókòó! Báwo lẹ ṣe ń fi èyí rìn? Ṣé kò dùn yín ni?"

Fẹ̀sọ̀ wo Kíá tó ṣì kúnlẹ̀. Ó wo Màmá. Màmá ti sọ tirẹ̀ ná. Fẹ̀sọ̀ na ọwọ́, ó dá kọ́kọ́rọ́ náà padà fún Lọ́yà.

"Kò dùn mí, Ọ̀gá," ni ó wí. "Ohun tó yẹ kí n ti sọ fún yín látọjọ́ yìí gan-an nìyẹn. Kò dùn mí rárá. Kíá, dìde ńlẹ̀, ọmọ mi."